Ẹ Kú Iṣẹ́ o, Ẹ̀yin Olórin Kábà Tí Ẹ Ń Fi Ojú Ilé Han Ayé

À ń kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin ilẹ̀ Okun ní Kogí, tí ẹ wà ní Kábà, ní Ìyàrá, ní Mọ́pà, ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ̀yin tí kò sí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan lẹ́yìn yín, tí ẹ ń fi fóònù ọwọ́ yín ya fídíò orin, tí owó tí ẹ rí nídìí iṣẹ́ òòjọ́ sì ń bá dátà lọ. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí ẹnì kan dúró ní gbangba kó kí yín. Àwa dìde lónìí láti ṣe é.

Kì í ṣe torí pé ẹ ń kọrin nìkan la ṣe dìde. Ilẹ̀ wa kò fìgbà kan ṣaláìní olórin. Ohun tí a rí lọ́wọ́ yín tí inú wa dùn sí ni pé nígbà tí ẹ gbé kámẹ́rà, ilé ni ẹ kọjú rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ olórin ló gbà pé fídíò kò lè dára àfi kí a yá ọkọ̀ olówó ńlá ní Abuja tàbí l'Ékòó, kí a yá ilé tó ní odò ìwẹ̀, kí a yá aṣọ mọ́ ọn. Ẹni tó bá wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ tán kò ní mọ ìlú tí olórin náà ti wá. Tiyín yàtọ̀. Nínú tiyín, a rí erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà. A rí àwọn òkè tó yí Kábà ká nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ kò tíì kúrò lórí wọn. A rí páànù tó ti dípẹtà, a rí ọlọ́kadà tó di àpò kaṣú sẹ́yìn, a rí ìyá àgbà tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà tí kò tilẹ̀ wo apá ibi tí kámẹ́rà wà. Ọmọ Kábà tó wà ní London yóò dá fídíò náà dúró, yóò tẹjú mọ́ ọn, bóyá ojúde bàbá òun ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀, kí ẹ lè mọ bí iṣẹ́ yín ti tóbi tó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló sì dá a sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀. Abẹ́ Àríwá làwa wà nígbà náà, nínú Kabba Province tí ìjọba rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tí Àríwá fi máa dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1962, Yorùbá kọ́ ni èdè tó gbalé níbẹ̀. Báyìí ni àwọn onílù àti olórin wa ìgbà náà ṣe bọ́ sáàárín méjì: Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n a kò rí ojú wọn nínú àpótí tí Yorùbá yòókù ń wò. A di ara Kwárà ní 1967. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, a di ara Kogí pẹ̀lú Ígálà, Ẹ̀bìrà àtàwọn ẹ̀yà mìíràn, gbogbo wa sì jọ ń pín ìwọ̀nba àyè tó wà lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀. A kò sọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ orin tí àwọn ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún kò ní àwòrán kankan tí a lè nawọ́ sí lónìí. Àwọn tó dá orin náà sílẹ̀ ti lọ, ojú wọn sì ti bá wọn lọ. Ẹ̀yin ni ìran àkọ́kọ́ tí kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni láti Ìbàdàn tàbí Kàdúná kó tó wá ya àwòrán yín.

Àwòrán tún ń ṣe ohun kan fún wa tí olórin Èkó kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀ka-èdè Owé kọrin, tàbí ti Yàgbà, tàbí ti Ìjùmú, ará Ìbàdàn lè gbọ́ ìdajì kí ìdajì sì fò ó ru. Bó bá jẹ́ rédíò ni, ó lè yí i kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá ń wo ojú yín, tó rí oko tí ẹ nawọ́ sí, tó rí ìyá tí ẹ ń kọrin kí, èyí tó kù yóò yé e. Àwọn kan nínú yín tún ń kọ ọ̀rọ̀ orin sí ìsàlẹ̀ fídíò, ìlà kan ní èdè ilé, ìlà kejì ní Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà. Lójú tiwa, èyí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe. Ọmọ wa tí a bí sí Amẹ́ríkà, tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, lè máa kà á bí ó ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì máa ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.

Àwọn mìíràn ti tọ ọ̀nà àwòrán àti dídá iṣẹ́ ara ẹni ṣe yìí ṣáájú yín. Láti 1974, bẹ̀rẹ̀ láti orí Alagbon Close, ni Lemi Ghariokwu ti ń ya kọ́fà awo Fẹlá. Ó ya 26, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ awo wọ̀nyẹn lójú kó tó di pé wọ́n gbé e sẹ́rọ. Lágbájá ńkọ́? Nígbà tó gbé awo tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè jáde ní 1993, aṣọ ló fi bojú. Ó ní aráàlú lásán tí kò lórúkọ, tí kò lóhùn, lòun ń ṣojú fún. Ọmọ Okun tó mọ egúngún kò ní béèrè ibi tó ti kọ́ ọgbọ́n náà. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Motherlan', ó sì ṣí gbọ̀ngàn tirẹ̀ n'Íkẹjà ní 1997. Títí dòní, ẹni tí kò lè ka orin rẹ̀ méjì yóò mọ̀ ọ́n bó bá rí àwòrán rẹ̀. Adékúnlé Gold náà, àwòrán tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lórí Twitter ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí kí orin Sade tó gbé e jáde ní 2014. Nígbà tó yá, ó kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbórinjáde YBNL, ó sì gbé awo About 30 jáde ní 2018 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Jaywon, ọmọ Kogí bíi tiwa, kúrò ní Kennis Music, ó dá Next World Music sílẹ̀. L'Ámẹ́ríkà, ẹgbẹ́ olórin OK Go gbé kámẹ́rà kan kalẹ̀ lójú kan ní 2006, wọ́n ń jó lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, wọn ò gé e, wọn ò lẹ̀ ẹ́. Fídíò yẹn gba Grammy ní 2007. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde wọn, EMI, wá ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti pín fídíò wọn káàkiri, wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 2010.

A mọ̀ pé iná kì í dúró ní Kábà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kan sáárá sí yín nígbà tí a bá rí yín lójú òpópónà ní ìdájí, tí ẹ ń lo ìmọ́lẹ̀ tí Olódùmarè ń tàn lọ́fẹ̀ẹ́ kí oòrùn tó mú, tí ẹnì kan sì di aṣọ funfun mú kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sójú olórin. Lásìkò ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń rọ̀ lójú, ẹ sì ti mọ bí a ṣe ń lò ó. Inú ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ti ń rí ohun gbogbo: fídíò gígùn fún YouTube, àgékúrú tó dúró lóòró fún TikTok àti Instagram, fọ́tò fún kọ́fà tó máa gùn ní 3000 tó sì máa fẹ̀ ní 3000 píksẹ́lì, àti àwòrán ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 8 tí Spotify, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2021, fàyè gbà kó máa yí lórí orin. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. YouTube kò ní sanwó ìpolówó fún yín títí ẹ ó fi ní ènìyàn 1,000 tó ń tẹ̀ lé yín àti wákàtí 4,000 tí àwọn ènìyàn fi wò yín láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo fídíò kúkurú (Shorts) yín ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò dá a dúró, tí ẹ ń gbé ìṣẹ́jú kan síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí òjò rọ̀ bí oòrùn ràn, a rí yín.

A tún rí ìtẹríba yín. Ní Bùnú, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró lóòró láyé àtijọ́, aṣọ ìpò pupa jẹ́ aṣọ òkú ọlọ́lá àti aṣọ egúngún. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Pupa yẹn rẹwà lójú kámẹ́rà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan nínú yín kọ́kọ́ ń tọ àwọn àgbà lọ láti tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má yà á, ẹ ń gbé kámẹ́rà sílẹ̀ láìjanpata. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

A kò gbàgbé àwọn tí ojú wọn kì í hàn: ẹni tó di fóònù mú títí apá fi ń ro ó, ẹni tó gbé spíkà tó ń kọ orin kí ètè olórin lè bá a mu, ẹni tó jókòó ti iná ọ̀gànjọ́ tó ń gé fídíò, tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí ìparí fídíò.

Ó wá ku ẹ̀yin ọmọ Okun tí ẹ wà ní Abuja, l'Ékòó àti lókè òkun. Ẹ wo fídíò àwọn ọmọ yìí dópin, torí àsìkò tí ẹ bá fi wò ó ni YouTube ń kà fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ilé ńlá sílé tí kò sẹ́ni tó ń gbé e, ẹ ní kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ṣí géètì lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fídíò níbẹ̀. Nígbà ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó pe olórin ìlú ńlá, kí ẹ sì san owó wọn kí wọ́n tó gbé ohun èlò wọ ọkọ̀.