Eruku Ọjà Tó Bu: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣọ́ Ẹ̀dọ̀fóró Wa



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ti eruku ni. Lásìkò òjò, ta ni nínú wa tí ọjà kì í bu mọ́ lọ́wọ́? Àgbàdo ni, ẹ̀pà ni, èlùbọ́ ni, kòkó tí kò gbẹ dáadáa ni. Tí a bá gbọn àpò wọn, eruku tó ń sọ yẹn kì í ṣe eruku lásán. Irúgbìn ohun tó mú ọjà bu ló wà nínú rẹ̀, ó kéré débi pé 300 lè tò sórí mìlímítà kan. Àwọn dókítà ń pe ọ̀kan lára wọn ní Aspergillus.

Gbogbo wa là ń fà á símú lójoojúmọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí á gbá a jáde, àwọn ọmọ ogun ara á pa ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dá ọgbẹ́ sí lẹ́dọ̀fóró rí, ibi tí awọ inú ibẹ̀ ti bó ni irúgbìn yìí ń lẹ̀ mọ́. Á mu omi, á wú, á ta gbòǹgbò bí ẹ̀wà tí òjò pa.

Ikọ́ á dé, ara á máa rù, ẹ̀jẹ̀ lè bá ikọ́ jáde. Wọ́n á ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ló padà, oògùn rẹ̀ ò sì ní ràn án. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2017 lórí 208 èèyàn tí wọ́n ń tọ́jú nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà, bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àrùn yìí.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ sá ọjà kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dì í. Ẹ má gbọn àpò nínú ìsọ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀, ẹ fi aṣọ bo imú. Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe àgbo. Tí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ bi dókítà léèrè nípa Aspergillus.

A mọ̀ pé àdánù ni kéèyàn da ọjà nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa èyí tó bu pọ̀ mọ́ èyí tó dáa, oníbàárà ló fẹ́ tà á fún, imú tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi èrè ọjà ra oògùn. Àṣẹ.