Ẹ̀sùn Nítorí Àwọn Ìyá Alátẹ Kumasi

Láti Dichemso ní Kumasi ni mo ti ń pe ẹjọ́ yìí, nítorí àwọn ìyá Yorùbá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìníṣà wá pàtẹ sí ọjà ìlú yìí. Ẹni tí mo ń fi sùn ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, òfin ìdìbò Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà náà, kò yọ obìnrin sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ti pé ọdún 21, tó ń gbé níbí tó sì ń san owó orí, lè dìbò. Ìyá Ọ̀fà tó ń ta wosiwosi ní Kumasi lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ńkọ́? Abẹ́ ìjọba Àríwá Nàìjíríà, tó fìdí sí Kàdúná, ni Ọ̀fà wà, àwọn aláṣẹ Kàdúná kò sì gbà kí obìnrin dìbò. Ó di 1976 kí ìjọba ológun tó mú ìdènà náà kúrò. Wọ́n ní àṣà ni. Àṣà wo? Ìyá tó ń rajà láwìn, tó ń fi èrè rẹ̀ rán ọmọ níléèwé, ni wọ́n ní kò lè mọ ẹni tó yẹ nípò!

Ẹ̀sùn kejì, ti ìjọba Nkrumah ní Ghana. Òfin ọmọ ìlú ti 1957 sọ ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi, tó ń sọ Twi bí ẹní mumi, di àjèjì bí kò bá ní òbí tàbí òbí àgbà kankan tí wọ́n bí sí Ghana.

Ti Busia, tó di olórí ìjọba Ghana lẹ́yìn náà, ló wúwo jù. Wọ́n dìbò yan ẹgbẹ́ rẹ̀ ní August 1969. Nígbà tó di 18 November, ó fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana. Àwọn tó jẹ àwọn ìyá wa lówó ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, torí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Ọjà tí wọn kò lè gbé, wọ́n tà á lọ́pọ̀. Ní 1970 ìjọba náà tún ṣòfin tó ya òwò kékeré sọ́tọ̀ fún ọmọ Ghana.

Èyí tó kù, ó ń tì mí lójú: ní January 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí ọmọ Ghana pọ̀ jù nínú wọn, ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà láti kúrò ní Nàìjíríà. Èyí ni agbẹjọ́rò Busia yóò kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́, n kò sì ní èsì tí mo lè fún un.