Ọ̀pọ̀lọ́ Òkè Ìdànrè Kì í Ṣe Ti Òyìnbó

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí ènìyàn bá dá a lábàá pé kí a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa wo ẹyẹ, ewéko àti ẹranko orí Òkè Ìdànrè, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. "Iṣẹ́ òyìnbó aláìríṣe!" Àwa tí a ní ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí, tí a ń fi odidi Sátidé jó!

Lóòótọ́, òyìnbó ló dá Nigerian Field Society sílẹ̀ ní 1930, èdè òyìnbó ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé wọn. Ṣé ìyẹn ló wá sọ wíwo ẹranko di ogún bàbá òyìnbó? Ta ló pa á lówe pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán? Ẹni náà ti fara balẹ̀ wo ọ̀pọ̀lọ́, ó ti mọ̀ pé alẹ́ ló ń jáde. Àwọn ọdẹ oníjàlá ńkọ́, tí wọ́n mọ ìwà ẹranko kọ̀ọ̀kan débi tí wọ́n fi ń kì í?

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yìí gan-an ló ń dùn mí. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé Òkè Ìdànrè ni ìwé mọ̀ ọ́n mọ́. Schiøtz, ará Denmark, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1963, ó sì fi orúkọ Perret, ará Switzerland, sọ ọ́. Lẹ́yìn 1970, àwọn onímọ̀ kò rí i mọ́, àfi ìgbà tí Ọ̀mọ̀wé Onadeko ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i ní 2013. Ó lé ní 40 ọdún! Ẹ sì wá wo nǹkan: ọmọ rẹ̀ kì í lúwẹ̀ẹ́ nínú odò bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ara àpáta tí omi ń sun lé lórí fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lẹ̀ mọ́ títí yóò fi hu ẹsẹ̀. Bí omi yẹn bá gbẹ, ó parí nìyẹn.

Ta ló wà nítòsí ní gbogbo 40 ọdún yẹn? Àwa náà ni. Àgbẹ̀ kòkó ń gba ẹ̀bá àpáta kọjá lọ sóko. N ò gbà pé ojú wọn kò rí i. Kò kàn sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Èrò ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ sókè, wọ́n ń ya fọ́tò láàfin àtijọ́, wọ́n ń ju ọ̀rá píọ́ wọ́tà sílẹ̀. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè náà sọ́wọ́ UNESCO. Àṣà ni, ìtàn ni, mo gbà. Ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́?

Ohun tí mo ń fẹ́ kò gba owó púpọ̀. Kí tíṣà kan ní Ìdànrè kó ọmọ ilé ìwé bíi mẹ́wàá jọ nígbà òjò, kí wọ́n bẹ bàbá ọdẹ kan kó ṣíwájú wọn, kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé dání. Kí wọ́n má mú ohunkóhun wálé o! Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rí i, àti orúkọ tí bàbá náà bá pè é lẹ́nu ará Ìdànrè. Kí orúkọ yẹn sì ṣáájú ti Perret nínú ìwé wọn.