Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa: kí ni òfin ń dáàbò bò?



Láti 2001 tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún aráyé, tí wọ́n sì fi í sínú ìwé ní 2008, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án mọ́ láìgba àṣẹ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyè ni UNESCO fún wa. Oyè kì í ṣe ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, èyí tí Faransé ń pè ní droit d'auteur.

Òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ yìí jáde ní 2006. Ohun tí ènìyàn fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe ló ń dáàbò bò. Orin tí ẹlẹ́fẹ̀ dá fúnra rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹni tó fi fóònù gbà á tó ń tà á láì bèèrè, ó rú òfin. Ère tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ náà ńkọ́? Ẹni tó rà á ra igi, kò ra ẹ̀tọ́ láti máa tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ tà. Ẹ̀tọ́ náà wà títí oníṣẹ́ yóò fi kú, ó sì ku 70 ọdún fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èrò kò lólúwa. Bí ẹlẹ́fẹ̀ wa bá fi orin bú ọkọ tó ń lu ìyàwó, ẹlẹ́fẹ̀ Pobè tàbí Sakété lè kọrin lórí ọ̀rọ̀ kan náà, bó bá ti fi ọ̀rọ̀ àti ohùn tirẹ̀ ṣe é. Ìlù, òwe, ijó àtayébáyé, kò sẹ́ni tó lè ní òun ló dá a. Ogún orílẹ̀-èdè ni òfin pe ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò, BUBEDRA ní Kútọnú ló ti máa gbàṣẹ, kì í ṣe ààfin Alákétu.

Èyí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìlú tó tọ́jú ogún náà kò lẹ́nu níbẹ̀. Kí àwọn ìjòyè wa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n máa bi ìlú léèrè kí wọ́n tó fúnni láṣẹ.

Kó tó dìgbà náà, ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni kí a ṣe. Òfin kò ní dandan ni kí a kọ orin sílẹ̀ kó tó di tẹni. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá dé, ẹ̀rí ni adájọ́ ń bèèrè. Kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé kan: orin wo, ère wo, ta ló ṣe é, ọdún wo. Kí àwọn ẹlẹ́fẹ̀ àti gbẹ́nàgbẹ́nà sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní BUBEDRA. Àìtètè mólè, olè mólóko.