Náírà Ọgọ́rùn-ún Nínú Ìkòkò

Ní ọdún 2016 ni Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fi náírà 70 bọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ní kíláàsì kìíní dé ẹ̀kẹta. Ètò rere ni, a kò jiyàn. Wọ́n sọ ọ́ di náírà 100 lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2023 tó parí, owó náà kò ra ju ẹyin kan lọ. Kí ni alásè yóò fi ra ìrẹsì, epo àti igi ìdáná? Òun sì ni òbí ń bá wí pé ọbẹ̀ ṣàn! Àwa kò dá a lẹ́bi. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba dá ètò náà dúró fún àyẹ̀wò. Ẹni tí yóò bá tún iná yìí dá, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye ọjà lọ́wọ́ alásè, kí ó tó kọ iye owó sínú ìwé.