Dísìkì Orin Tó Ń Yọjú Tó Tún Ń Pòórá

Lẹ́tà kan dé láti Kaduna, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì kan ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ ní àwọn ra kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 4, àwọn so dísìkì 1TB mọ́ ọn lára, àwọn sì kó gbogbo orin ilé sínú rẹ̀ kí ìyàwó, ọmọ àti ìyá àgbà lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù àti nínú pálọ̀ láìná owó dátà. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ayọ̀ ni. Ìgbà tó yá, dísìkì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ó tún ń pòórá. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí ínfátà gbà á, orin á dákẹ́. Nígbà mìíràn Hárúnà Ìṣọ̀lá á wà níbẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí á sì ti di àwátì. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wọn ní dísìkì ti kú, kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló jẹ́ kí n fi lẹ́tà yìí ṣáájú àwọn yòókù. Inú dísìkì yẹn kan náà ni ohùn bàbá wọn tó ti di olóògbé wà, níbi tí bàbá ti ń ki oríkì ìdílé. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbà á, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti bu, wọ́n ti dà á nù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀màtì dísìkì yẹn. Fọ́ọ̀màtì kì í wo dísìkì sàn. Àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ló máa ń pa rẹ́. Bó bá jẹ́ pé iná tàbí wáyà ló ń dà á láàmú, dísìkì náà yóò tún pòórá lọ́la, òfìfo rẹ̀ ni yóò sì pòórá. Ó yá àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe wa lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò gba ìwádìí kankan.

Ohùn bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ nínú ewu, kì í ṣe orin. Àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn; oríkì tí bàbá yín kì kò sí níbòmíràn. Ẹ pa Pi dáadáa, ẹ yọ dísìkì, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fódà bàbá sínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Windows sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ fọ́ọ̀màtì dísìkì kí ẹ tó lè lò ó. Ẹ tẹ Cancel. Kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì, tí wọ́n ń pè ní ext4, ni Windows kò lè kà fúnra rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá dísìkì padà sára Pi nígbà tí iná bá dúró, kí ẹ sì gba orí Wi-Fi ilé fa fódà náà wá sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀: bí dísìkì bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sì tún tàn án mọ́. Àwọn tó ń yọ fáìlì nínú dísìkì tó bàjẹ́ ló ni ìyẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tàn án ni ẹ ń dín oríire wọn kù.

Ó wá kan ìdí ọ̀rọ̀. Iná ni mo kọ́kọ́ fura sí, kì í sì í ṣe nítorí NEPA nìkan. Ihò USB mẹ́rin ló wà lára Pi 4, àmọ́ gbogbo wọn lápapọ̀ kò lè fúnni ju 1.2A lọ. Dísìkì kékeré tí kò ní ṣájà tirẹ̀, irú tiyín, lè fa nǹkan bí 1A nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Ẹ wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé fláàṣì méjì ló tún wà lára ẹ̀rọ náà. Oúnjẹ ẹnìkan ni ẹ gbé ka iwájú ẹni mẹ́ta. Nígbà tí dísìkì bá ti ń yí lọ, ohun tó ń fà máa ń dín kù, ìdí nìyẹn tí orin fi lè lọ fún wákàtí mẹ́ta kó tó ṣàdédé dákẹ́. Bí ínfátà bá wá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA, àlàfo kékeré máa ń wà. Kọ̀ǹpútà lè fara dà á, kí dísìkì má lè fara dà á.

Ẹ wo ara ṣájà tí ẹ fi ń gbé Pi. 5.1V àti 3A ló yẹ kí ẹ rí níbẹ̀. Ṣájà fóònù tó wà nílé, pàápàá èyí tí wáyà rẹ̀ gùn tó sì tín-ín-rín, sábà máa ń kùnà nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ kò ní láti méfò. Bí iná bá ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 4.63V, Pi máa ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní tẹlifíṣọ̀n lára, àmì mànàmáná kékeré á yọ lókè. Bí kò bá ní, ẹ tẹ vcgencmd get_throttled. Bó bá dáhùn pé 0x0, iná kò tíì já wálẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti tàn án. Bó bá sọ pé 0x50000, iná ti já wálẹ̀ rí, àní bí gbogbo nǹkan tilẹ̀ dà bí pé ó dára lójú yín báyìí. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà.

Ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n tó dísìkì tuntun: ojúlówó ṣájà Pi, àti USB hub tó ní ṣájà tirẹ̀, kí dísìkì máa jẹun lára hub dípò lára Pi. Ẹ so ṣájà méjèèjì mọ́ ibi tí ínfátà ń gbé. Tí ínfátà yín bá ní ibi tí a ti ń yàn án sí UPS, ẹ yàn án síbẹ̀, torí ó máa ń jẹ́ kó tètè gbaṣẹ́.

Lẹ́yìn iná, wáyà. Wáyà kúkúrú tó nípọn ni kí ẹ rà. Orí tó fẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń wọ ara dísìkì máa ń gbò; nígbà tí ẹ̀dà bá ti wà níbòmíràn, ẹ fọwọ́ kàn án díẹ̀ bí orin ṣe ń lọ. Bí orin bá dákẹ́, ẹ ti rí olè. Ṣùgbọ́n ẹ má pààrọ̀ wáyà, ṣájà àti hub lọ́jọ́ kan náà, torí ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ti Yusuf Ọlátúnjí tó di àwátì, mo gbà pé kò lọ síbì kankan. Ẹ̀rọ olórin máa ń ka inú dísìkì lóòrèkóòrè láti tún ìwé orúkọ orin rẹ̀ ṣe. Bó bá lọ kà á nígbà tí dísìkì kò sí níbẹ̀, ó lè yọ orúkọ olórin náà kúrò, nígbà tí àwo rẹ̀ ṣì wà nínú dísìkì. Ẹ ní kó tún un kà. Ohun kejì tó ń fa irú rẹ̀ ni pé Linux máa ń fún dísìkì lórúkọ bó ṣe ń wọlé: sda lónìí, sdb lọ́la. Ó dà bí ìgbà tí a ń pe ọmọ ní "ẹni tó kọ́kọ́ wọlé." Nínú fáìlì /etc/fstab, UUID dísìkì ni kí ẹ kọ síbẹ̀, torí orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ sì fi nofail sí i, kí Pi lè tàn bí dísìkì kò tilẹ̀ sí.

Bí gbogbo èyí kò bá yanjú rẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ fura sí dísìkì fúnra rẹ̀. CrystalDiskInfo lórí Windows, tàbí smartctl lórí Pi, á fi ìlera rẹ̀ hàn. Ìlà Reallocated àti ti Pending ni kí ẹ wò. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ń gòkè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lọ ra òmíràn. Dísìkì tí wọ́n fi exFAT tò kò ní ìwé ìrántí tó ń gbà á là bí iná bá já lójijì. Ext4 ní in. Nítorí náà, bí ẹ̀dà méjì bá ti wà níta, ẹ lè wá fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí ext4. Níbẹ̀ ni fọ́ọ̀màtì wúlò.

Bí ẹ bá ń ra fláàṣì tí ẹ fẹ́ fi pa ẹ̀dà mọ́, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí owó rẹ̀ sì kéré. Irú wọn a máa parọ́ ìwọ̀n, fáìlì tó bá wọ ibi tí kò sí á ṣègbé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ètò H2testw máa ń tú wọn fó. Ẹ lò ó kí ẹ tó kó nǹkan sínú rẹ̀.

Ohùn bàbá kò tilẹ̀ nílò àyè tó pọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní MP3 128kbps kò ju nǹkan bí 58MB lọ. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ bàbá lórí WhatsApp, kí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document kí ohùn má bàa dín kù, kí ẹ sì ní kí àbúrò kan tó ń gbé ìlú mìíràn gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nọ́ńbà tí vcgencmd bá fún yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.