Ẹlẹ́dẹ̀ Inú Kòtò: Bí Ewé Bá Wọ́n, Kí Ni Ká Fi Dì Í?

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí ti di àwáwí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fẹ́ wá ohun tí ó yẹ kí wọ́n wá. Ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí ni wọ́n ń sọ sínú ìkòkò, wọn a sì ní àwọn àgbà ni ó fún wọn láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí òwe náà wí. Òòbẹ̀ kì í ṣe adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹyẹlé. Ìbátan àdán ni; ìyẹ́ apá wọn jọra, òru ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ̀. Ẹni tí ó fi òòbẹ̀ rọ́pò àdán ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, iṣẹ́ wo gan-an ni àdán ìbá ṣe nínú ẹbọ yìí?

Oúnjẹ kan tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa ni ó mú mi ronú kan òwe náà, èyíinì ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn ará Hàwáì ń fi kòtò se, tí wọ́n ń pè ní kālua. Àárín òkun Pàsífíìkì ni Hàwáì wà, ó sì fi ohun tí ó lé ní 3,500 kìlómítà jìnnà sí etí òkun California. Láti ọdún 1959 ni ó ti di ìpínlẹ̀ kan lára Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó ti ní ọba tirẹ̀ rí, títí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ ọbabìnrin Liliʻuokalani ní ọdún 1893. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ erékùṣù wọ̀nyí ni ó ti fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́. Àwọn tí ó wà ní Las Vegas pọ̀ débi pé wọ́n ń pe ìlú náà ní erékùṣù kẹsàn-án, nítorí mẹ́jọ ni àwọn erékùṣù ńlá tiwọn nílé. Wọ́n fẹ́ jẹ ohun tí ìyá àti bàbá wọn jẹ. Kò sí ewé, kò sí igi, onílé kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ní ọmọ ní London tàbí Houston kò ṣàì mọ irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Imu ni orúkọ kòtò náà. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, wọn yóò to igi sí i, wọn yóò kó òkúta lé igi lórí, wọn yóò sì dáná sí i. Kì í ṣe gbogbo òkúta ni ó wúlò. Òkúta oníhò wẹ́wẹ́ tí ó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde ni wọ́n ń ṣà, nítorí òkúta inú odò tí omi ti wọ̀ lára lè bú gbàù bí iná bá mú un. Nígbà tí òkúta bá gbóná janjan, wọn yóò lu ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù fọ́, wọn yóò tẹ́ ẹ lé òkúta, wọn yóò sì tẹ́ ewé lé ìtí náà. Orí ewé ni odidi ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti fi iyọ̀ pa lára yóò dùbúlẹ̀ sí, ti òun ti òkúta gbígbóná nínú ikùn rẹ̀. Ewé tún bò ó mọ́lẹ̀, àpò tí a rẹ sínú omi tẹ̀ lé ewé, erùpẹ̀ ni ó sì kẹ́yìn. Bí ooru bá yọ níbì kan, kíá ni wọn yóò bu erùpẹ̀ dí i. Ó di wákàtí mẹ́fà, ó di mẹ́jọ, nígbà mìíràn ilẹ̀ a mọ́, kí wọ́n tó hú u jáde. Ẹran náà yóò ti rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ya á.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹran yìí kò kan iná rárá. Omi ara ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó di ooru, ooru náà ni ó sè é. Èéfín tí ó bá a kò pọ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ pamọ́, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ni kālua ní èdè Hàwáì: kí a fi kòtò inú ilẹ̀ se nǹkan ni ó túmọ̀ sí. Ẹ wo àsun tiwa, tí àwọn ará Oǹdó fi ń ṣe wá lálejò. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi kan ọ̀rọ̀-ìṣe sun tí ó fi di orúkọ. Bí a bá din ewúrẹ́ nínú òróró tí a sì da ata bò ó, ó lè dùn ju àsun lọ, ṣùgbọ́n a ti sọ orúkọ náà di irọ́.

Ǹjẹ́ bí orúkọ bá ti gbé kòtò rù báyìí, kí ni ẹni tí kò ní kòtò yóò ṣe? Àwọn kan ní kí ó má sè é rárá. Wọ́n ní láìsí imu, láìsí ewé kī, láìsí igi kiawe, ẹ̀tàn ni. Èmi kò gbà. Ìtàn àwọn erékùṣù náà fúnra wọn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sí níbẹ̀ kí ènìyàn tó débẹ̀, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí kókò, ewé kī pàápàá kò sí. Inú ọkọ̀ onígi ni àwọn baba ńlá wọn ti kó gbogbo rẹ̀ kọjá òkun láti àwọn erékùṣù tí ó wà ní gúúsù. Igi kiawe tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn wá ńkọ́? Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Alexis Bachelot, ni ó gbin àkọ́kọ́ rẹ̀ sí Honolulu ní ọdún 1828. Èèwọ̀ ti fìgbà kan de obìnrin ní Hàwáì láti jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, àgbọn àti ọ̀pọ̀ irú ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí láti bá ọkùnrin jẹun pọ̀. Ọkùnrin ni ó sì ń se oúnjẹ tọ̀tún-tòsì. Ní ọdún 1819, lẹ́yìn ikú Kamehameha Kìíní, ọmọ rẹ̀ Liholiho jókòó ti àwọn obìnrin níbi àsè, ó bá wọn jẹun ní gbangba. Ìyá rẹ̀ Keōpūolani àti Kaʻahumanu, ìyàwó bàbá rẹ̀, ni ó tì í débẹ̀. Òfin àtayébáyé wó lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe igi kiawe ni wọ́n fi dá iná àsè yẹn.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò rí àdán wá òòbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wá a dáradára. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ewé. Kī jọ pèrègún wa gidigidi. Àwọn onímọ̀ ewéko tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ ìdílé kan náà. Bí a ti ń gbin pèrègún sí ààlà àti ojúbọ ni àwọn náà ń gbin kī yí ilé ká kí ibi má baà wọlé. Ẹ má wá tìtorí èyí já pèrègún dì ẹran o! Ìbátan ojúbọ kì í ṣe ìbátan ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ra ewé kī lọ́wọ́ olùta òdòdó, nítorí wọ́n lè ti fi oògùn kòkòrò wọ́n ọn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òòbẹ̀ tòótọ́. Inú kòtò ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ta sánsán sára ẹran, àwọn ṣọ́ọ̀bù ará Éṣíà sì ń tà á ní dídì káàkiri Amẹ́ríkà. Kí a rà á níná díẹ̀ kí ó má baà ya, bí àwọn ìyá wa ti í ṣe sí ewé, kí a fi dì ẹran, kí a tó wá fi bébà fọ́ìlì dì í lóde. Fọ́ìlì ń ṣe iṣẹ́ erùpẹ̀, ó ń dí ooru mọ́lẹ̀; kò lè ṣe iṣẹ́ ewé.

Ẹran èjìká ni kí a wá, bí i kílò méjì, nítorí ó lọ́ràá, ó sì níṣan tí yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn tí kò lọ́ràá yóò gbẹ bí igi. Kí a gún un káàkiri, kí a fi ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ oníhóró pa á lára, kí a sì fi ṣíbí kan omi èéfín, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ra á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi omi yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èéfín igi tí a mú tutù títí ó fi di omi ni. Ọmọ èéfín ni. Èyí tí a fi igi mesquite ṣe ni ó dára jù, nítorí ìbátan kiawe ni mesquite. Ààrò ìgbàlódé tí ó gbóná tó ìwọ̀n 160 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, yóò se iṣẹ́ náà, bí a kò bá ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà kí a ya á, kí a sì da omi rẹ̀ padà sí i. Ẹ̀yin Mùsùlùmí òǹkàwé wa, ẹ má ro pé a yọ yín sílẹ̀: tòlótòló náà ń wọ inú imu.

Ti iyọ̀ yàtọ̀. Iyọ̀ tí a fi amọ̀ pupa tí ń jẹ́ ʻalaea pò ni ó lókìkí jù ní Hàwáì. Ní Hanapēpē, ní erékùṣù Kauaʻi, àwọn ìdílé kan ṣì wà tí ń fi kòtò amọ̀ àti oòrùn ṣe iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí àwọn òbí wọn ti fi lé wọn lọ́wọ́. Àṣà wọn kò gbà kí wọ́n tà á. Wọ́n lè fi tọrẹ, wọ́n lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, owó ni kò gbọdọ̀ kan án. Ẹni tí ó bá wá a kiri ọjà kò lè rí i, ì báà lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ òkun lásán ni kí ó fi se tirẹ̀, kí ó má sì fi orúkọ Hanapēpē pe èyí tí ó rà.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ta ni ó sọ pé kí a gé ọ̀pẹ̀yìnbó sí i? Káàkiri ayé, bí oúnjẹ bá ti ní ọ̀pẹ̀yìnbó lára, wọn a ní ti Hàwáì ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni èso náà ti wá. Ọdún 1901 ni James Dole dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Hàwáì láti máa gbìn ín kí ó sì máa dì í sínú agolo, agolo wọ̀nyí ni ó sì so orúkọ erékùṣù náà mọ́ èso. Pizza tí wọ́n fi orúkọ Hàwáì pè, ìlú Canada ni Sam Panopoulos, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1962. Àwọn baba wa ṣe olóòótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n rí èso àjèjì, wọ́n pè é ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ parí. Adìẹ ni ọ̀pẹ̀yìnbó nínú ẹbọ yìí, kì í ṣe òòbẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bi mí pé kí ni tiwa níbẹ̀. Kókò tí àwọn ará Hàwáì ń gún ní poi ni a fi ń se ebìrìpò ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Inú ewé ni a ń dì í sí kí ó tó jinná. Ewé eéran ni a fi ń dì móínmóín, kí agolo mílíìkì tó dé, kí fọ́ìlì àti ọ̀rá tó tẹ̀ lé e. Mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá ní òkè òkun tí wọ́n ti tó ọmọ ogún ọdún, tí wọ́n rò pé bí móínmóín ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni pé kí ó rí roboto bí ìdí agolo. N kò bá ìyá wọn jà. Ewé wọ́n ní London, bí a bá sì rí i, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí ó sọ fún ọmọ náà, nígbà tí ó bá ń bu oúnjẹ sí àwo, pé ewé kan wà tí ń jẹ́ eéran, pé ó ní òórùn tirẹ̀, àti pé agolo yìí kàn jókòó sí àyè rẹ̀ ni.